Ọkọ lọ, kò padà: ṣé mo lè tún lọ́kọ?

Arábìnrin tó ní ọkọ òun ti fi òun sílẹ̀ lọ bá obìnrin mìíràn, tó ń bèèrè bóyá onígbàgbọ́ lè tún lọ́kọ, ẹ kú ìrọ́jú. Èmi náà ti gba ọ̀nà yẹn kọjá.

Ohùn àwọn ìjọ ò ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mátíù 19:9 yọ àgbèrè sọ́tọ̀, Máàkù 10:11 ò yọ nǹkan kan. Deeper Life ní kò sí ìgbéyàwó mìíràn níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kejì bá ṣì wà láàyè. Àwọn Àgùdà ní àfi kí ilé ẹjọ́ ìjọ wádìí ẹ̀ pé ti àkọ́kọ́ ò fìdí múlẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Èmi, 1 Kọ́ríńtì 7:15 ni mo dì mú: bí aláìgbàgbọ́ bá fẹ́ lọ, kó máa lọ. Àwọn alàgbà wa ní ọkọ mi kì í ṣe aláìgbàgbọ́, ṣebí díákónì ni. Mo ní kí wọ́n ṣí 1 Tímótì 5:8, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ pé ẹni tí kò pèsè fún ará ilé rẹ̀ burú ju aláìgbàgbọ́ lọ. Ọmọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀, kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Wọn ò fèsì, wọ́n kàn ní kí n kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Orúkọ tiẹ̀ ṣì wà lára pátákó àwọn díákónì, ẹ gbọ́ ná!

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó máa bá ẹnikẹ́ni fa ẹsẹ Bíbélì, ẹ yẹ ìwé ìgbéyàwó yín wò. Tó bá jẹ́ alárédè tàbí rẹ́jísírì, tí ẹ gba sàtífíkéètì ìjọba, kóòtù ìbílẹ̀ ò lè tú u ká. Mo mọ ẹni tó dá owó orí padà níbẹ̀, tó gbà pé òun ti bọ́. Lójú òfin, ìyàwó ọkọ àkọ́kọ́ ló ṣì jẹ́. Ilé ẹjọ́ gíga ló ni ẹjọ́ yẹn, lábẹ́ òfin ìtúká ìgbéyàwó ti ọdún 1970 (Matrimonial Causes Act). Bí ọkọ bá ti pa yín tì fún ọdún kan ó kéré tán, ìdí tí òfin gbà nìyẹn. Adájọ́ á kọ́kọ́ dá ìdájọ́ onígbà díẹ̀, oṣù 3 á kọjá kó tó di àṣekágbá. Láàárín oṣù 3 yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wàhálà ìgbéyàwó tuntun kó bá yín, torí ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ni òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa ní gúúsù kọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá gbé ìgbéyàwó lé ìgbéyàwó.

Ní ti pásítọ̀, kí ẹ tó ní àfẹ́sọ́nà rárá ni kí ẹ ti bi í bóyá ìjọ gbà kí ẹ tún lọ́kọ. Tó bá ti rí ọkùnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ohun tó máa rò ni pé ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ kọ ọkọ nìyẹn. Tó bá ní rárá, ẹ ní kó fi ibi tí ìjọ kọ ọ́ sí hàn yín. Àwọn pásítọ̀ kan wà tó jẹ́ pé èrò tara wọn ni wọ́n ń pè ní òfin ìjọ. Nígbà tí mo béèrè ìwé lọ́wọ́ tiwa, kò rí nǹkan kan mú jáde.