Ẹ Bi Wá: Ta ni Edwin Hayes tó ń ya òkun yìí?

Ìbéèrè: Ẹ kúuṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo rí àwòrán òkun kan lórí fóònù, wọ́n kọ Edwin Hayes sábẹ́ ẹ̀, omi yẹn ṣe bíi pé ó fẹ́ ya wọ yàrá mi. Ẹnìkan ní ará Írẹ́lándì ni, ẹlòmíì ní rárá, Gẹ̀ẹ́sì ni. Èwo ni ká gbà? Báwo ló sì ṣe mọ omi yà tó báyẹn? (Olùkàwé yín, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn, àbúrò. Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí ní 1819, àmọ́ Dublin nílẹ̀ Írẹ́lándì ló gbọ́njú sí, iléèwé Royal Dublin Society níbẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, ìlú yẹn náà ló ti kọ́kọ́ pàtẹ àwòrán ní 1842. Témi bá máa sọ tèmi, ọmọ Dublin ni.

Ti omi yẹn gan-an ló dùn. Bọ̀bọ́ yìí ò fẹ́ máa wo òkun látèbúté, ó lọ gbaṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ Amẹ́ríkà, àwọn tó máa ń gbé oúnjẹ kiri yẹn, torí kó ṣáà lè rí agbami lójúkojú. Ẹ wò ó ná, ẹni tó gbé abọ́ ọbẹ̀ dání tí ọkọ̀ ń fì sọ́tùn-ún fì sósì, tí ò bá mọ ìgbà tí ìgbì fẹ́ gbéra, ṣebí ara ẹ̀ lọbẹ̀ máa dà sí.

Ó kó lọ Lọ́ńdọ̀nù ní 1852, ó bá Telbin ṣiṣẹ́ díẹ̀, ẹni tó ń kun àwọn aṣọ gbàǹgbà tí wọ́n ń ta sẹ́yìn eléré ní tíátà. Àwòrán ẹ̀ tó lókìkí, Sunset at Sea, oòrùn tó ń wọ̀ lójú òkun ní Harlyn Bay ní Cornwall, ó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún kó tó yà á ní 1894. Inú àkójọ Tate, ilé tí wọ́n ń kó àwòrán sí ní Lọ́ńdọ̀nù, ló wà báyìí. Ó kú ní 1904.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni ti Claude ọmọ ẹ̀. Bàbá ní kó lọ kọ́ òwò, ọmọ bá sá lọ sójú òkun, ó bá ọkọ̀ Golden Fleece lọ nígbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń lọ jà ní Ethiópíà ní 1867 sí 1868. Ẹnu wo ni bàbá fẹ́ fi bá a wí? Nígbà tó yá òun náà di ayàwòrán, àmọ́ igi àti pápá ló gbájú mọ́.