Àwọn Ọ̀dọ́ Kò Wá sí Ìpàdé Àdúgbò Wa Mọ́

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àgbà ló pọ̀ jù nínú wa. Lọ́dún tó kọjá a ránṣẹ́ pe àwọn ọ̀dọ́, díẹ̀ nínú wọn sì wá, ṣùgbọ́n kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ omi gọ́tà tó ń ya wọ ilé wa, bàbá kan ti ń bá wọn wí nítorí irun orí àti ṣòkòtò wọn. Láti ìgbà náà a kò rí wọn mọ́. Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ohun tí mo rí nínú lẹ́tà yín ni pé ẹ pe àwọn ọ̀dọ́ wá gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹ kò pè wọ́n wá ṣe nǹkan kan. Ẹni tí kò lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ owó, tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tó sì jẹ́ pé ìbáwí ni wọ́n fi kí i káàbọ̀, kò ní padà wá, ìbáà jẹ́ ọmọ tí a kọ́ dáadáa.

Ẹ wo ọdún Ojúde Ọba tó ń wáyé ní ìlú yín ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Aṣọ àti fìlà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò níbẹ̀. Èmi a máa wo bí wọ́n ṣe tò ó. Regbẹ́regbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí wọn jọra, tí Ọba Síkírù Adétọ̀nà tó jọba láti 1960 títí ó fi wàjà ní 2025 mú sọjí, ń lọ kí Awùjalẹ̀ ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí. Kò sẹ́ni tó tú ẹgbẹ́ àwọn tó kéré ká kí wọ́n lè wà lábẹ́ àwọn àgbà: wọ́n ní olórí tiwọn, àsìkò wọn a sì kàn. Ní ti àwọn ìdílé Balógun tó ń gẹṣin, ọmọ kékeré náà a máa wà lórí ẹṣin láàárín àwọn bàbá rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò yín dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, kí wọ́n yan ẹni méjì tí yóò máa jókòó nínú ìgbìmọ̀ yín, kí ọ̀kan nínú wọn sì máa bá yín buwọ́ lùwé owó ní báńkì. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò yarí lórí èyí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, àlejò ni ẹ tún pè.

Gọ́tà yẹn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí òjò tó dé. Àwọn àgbà ló mọ ibi tí odò ń gbà kí ilé tó bò ó, àti ibi tí wọ́n gbin pèrègún sí láti fi sààmì ààlà. Kí àgbà méjì àti ọ̀dọ́ mẹ́ta jọ rìn ín láti òkè àdúgbò dé ìsàlẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Kí àwọn àgbà máa tọ́ka, kí àwọn ọ̀dọ́ máa fi fóònù yàwòrán, kí wọ́n sì ya máàpù rẹ̀ sórí pépà tí ẹ ó fi ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀. Ìyá àgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn, ẹ lọ bá a ní ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀. Irú wọn ló sábà máa ń rántí jù.

Ní ti bàbá yẹn, kí alága lọ rí i ní kọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe bá a wí lójú àwọn ọmọ, nítorí ọ̀wọ̀ tirẹ̀ náà wà nílẹ̀, ó sì yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ ṣì máa kí i bó ti tọ́. Ní ìpàdé tó bá tẹ̀ lé e, kí ọ̀dọ́ kan ka ìròyìn gọ́tà náà, kí bàbá yìí kan náà sì ṣàlàyé ibi tí odò gbà.