Bí a ṣe ń ra sáńwíìṣì ní Katz's ní New York

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹ fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ra sáńwíìṣì ní Katz's Delicatessen, ilé oúnjẹ àwọn Júù tó wà ní òpópónà Houston, tí wọ́n ní ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1888. Bí ẹ bá ti ń wọlé, wọn yóò fún yín ní tíkẹ́ẹ̀tì kan. Ẹ tọ́jú rẹ̀ bí owó, nítorí orí rẹ̀ ni wọn yóò kọ gbogbo ohun tí ẹ bá rà sí, òun náà ni ẹ óò sì fi sanwó nígbà tí ẹ bá ń jáde, ẹni tó bá sọ tirẹ̀ nù yóò sì san owó ìtanràn.

Ẹ tò síwájú ẹni tó ń gé ẹran, kí ẹ lè rí bí ó ṣe ń fi ọ̀bẹ gé pastrami, ìyẹn ẹran màlúù tí wọ́n fi iyọ̀ rẹ, tí wọ́n fi èéfín yan, tí ooru ṣì ń rú lára rẹ̀. Yóò fi ègé kan sórí àwo kékeré kí ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Búrẹ́dì rye, ìyẹn búrẹ́dì tí wọ́n fi ọkà kan tó ń jẹ́ rye ṣe, àti mọ́sítáàdì, èròjà tó máa ń ta lẹ́nu, ló bá a mu. Bí ẹ bá ní kí wọ́n fi mayonéèsì sí i, ojú tí wọn yóò fi wò yín kò ní dára. Ẹyọ kan tó ènìyàn méjì.