Bí trim bá ń yí fúnra rẹ̀ lókè, pípa autopilot nìkan kò tó

Àbúrò wa tó béèrè láti Ilé-Ifẹ̀ pé bí trim (ohun tó ń mú kí imú bàálù dúró sókè tàbí nísàlẹ̀ láìjẹ́ pé awakọ̀ ń fi agbára dì í) ti Citation, bàálù jẹ́ẹ̀tì kékeré, bá ń yí fúnra rẹ̀, ṣé kéèyàn kàn pa autopilot, ẹ̀rọ tó ń wa bàálù fúnra rẹ̀, ni: rárá o.

Kọ́kọ́ di súkàánì mú gírígírí. Autopilot lè ti máa bá trim náà fà á láìjẹ́ pé o mọ̀. Bó bá já, imú bàálù á rì tàbí kó ta sókè lójijì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí o tẹ bọ́tìnì pupa orí súkàánì, má sì gbọ́wọ́ kúrò. Lórí ọ̀pọ̀ Citation, òun ló ń já autopilot, tó tún ń dá mọ́tò trim dúró níwọ̀n ìgbà tí o bá ṣì tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ tó fi sílẹ̀ kò tíì dá trim dúró. Kí ẹnì kejì fa breaker pitch trim (bọ́tìnì tó ń gé iná mọ́tò trim) jáde, kó ka orúkọ tí wọ́n kọ sára breaker náà sókè kó tó fà á. Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ trim padà.

Bí imú bá ń rì, tètè dín agbára ẹ́ńjìnnì kù. Eré ló ń sọ súkàánì di ẹrù: eré ìlọ́po méjì, agbára afẹ́fẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. Bó bá ń lọ sókè tí apá ò ká a, tẹ bàálù sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, imú á wálẹ̀.

Bí kẹ̀kẹ́ náà bá há, má bá a jà. Wo bàálù Alaska Airlines 261, ní 31 January 2000: eyín nọ́ọ̀tì trim tó wà nínú ìrù bàálù ti jẹ tán nítorí àìsí gíríìsì, àwọn awakọ̀ ń gbìyànjú láti tú trim tó há, ó já pátápátá. Ẹni 88 ló kú.

Lókè ni kí o ti dán bàálù wò, bí 10,000 ẹsẹ̀ bàtà. Sọ táyà kalẹ̀, yọ flap (pátákó ẹ̀yìn apá bàálù tó ń ràn án lọ́wọ́ láti rọra fò) díẹ̀díẹ̀, bí bàálù bá ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí flap ṣe ń jáde, fi flap sílẹ̀ níbẹ̀. Wá máa dín eré kù ní knot (òṣùwọ̀n eré bàálù) 5, 5. Ibi tí súkàánì bá ti fẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ, má fi eré tó kéré sí ìyẹn balẹ̀, má sì tún fọwọ́ kan flap mọ́.

Eré tó fi ìdá 10 nínú 100 lé ń jẹ nǹkan bí ìdá 21 nínú 100 sí i lára ojú ọ̀nà ìbalẹ̀, ìyẹn bí ilẹ̀ ò bá tutù. Láti òkè Ilé-Ifẹ̀, pápákọ̀ òfuurufú Ìbàdàn ò jìnnà, àmọ́ ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ rẹ̀ kúrú ju ti Èkó lọ. Nítorí náà, bí bàálù bá ti dúró jẹ́ẹ́, ojú ọ̀nà mítà 3,900 ti Èkó ni èmi á yàn.