Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì mú ajá yẹn wọlé lálẹ́ òní

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Ẹẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè yín. Ẹ ní ajá kan ti ń sùn sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín ní Challenge, n'Ìbàdàn, láti ọjọ́ márùn-ún, pé eégbọn tò sí i létí bí ìlẹ̀kẹ̀, pé àwọn ìbejì ti fún un lórúkọ, pé ajá mìíràn sì wà nílé yín tẹ́lẹ̀. Ẹ tún ní aládùúgbò yín ní kí ẹ po ọ̀tapíápíá mọ́ omi, kí ẹ fi wẹ̀ ẹ́, ó parí. Kò ní parí o. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ara mi yìí ni mo fi ṣe é rí.

Ọdún 2017 ni, nínú oṣù kẹfà, lẹ́yìn òjò ńlá kan. Mo lọ ra pákó ní Bódìjà, mo bá ajá kan lábẹ́ pákó tí wọ́n tò jọ, èèyàn lè jókòó ka egungun ìhà rẹ̀ látòkèèrè. Oníṣòwò pákó ní olówó rẹ̀ ti kó kúrò ládùúgbò, ó fi í síbẹ̀. Mo gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, kí n sì tó dé Sángo mo ti sọ ọ́ ní Èèyànṣòro. Ilé ni mo gbé e lọ tààrà. Ṣọ́lé, ajá mi àgbà tí mo ti ń sìn láti ọdún mẹ́fà, wá gbóòórùn rẹ̀, ó ju ìrù, mo bá so àwọn méjèèjì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà. Inú mi dùn. Mo tiẹ̀ ya fọ́tò wọn.

Kò pé oṣù kan tí mo rí nǹkan kékeré kan tó ń gun ògiri pálọ̀ lọ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn férémù ilẹ̀kùn. Wọ́n kún ibẹ̀ bí ọkà bàbà tó dànù. Ìyàwó mi kò bá mi jà, ó kàn ká ẹní àwọn ọmọ nílẹ̀, ó kó wọn lọ sí yàrá inú. Ọjọ́ kejì ni èmi náà gba ìmọ̀ràn aládùúgbò. Mo da ìdérí ọ̀tapíápíá méjì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, mo fi kànìnkànìn wẹ ajá méjèèjì.

Kò tó ìdajì wákàtí. Itọ́ ń dà lẹ́nu Èèyànṣòro bí omi ẹ̀rọ tí wọn ò pa dáadáa, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò gbé e mọ́, ọmọlójú rẹ̀ sì súnkì di kíún bí orí abẹ́rẹ́. Ṣọ́lé ń bì. Dókítà ẹranko tí a gbé wọn sáré lọ bá fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ ṣan ara wọn kó tó gún wọn ní abẹ́rẹ́ atropine tó ń gbógun ti oró náà. Nígbà tí ó ń nu ọwọ́ ló bi mí pé, “Bàbá, ṣé ẹ lè fi nǹkan yẹn wẹ ọmọ yín?” N kò rí èsì fọ̀. Oògùn yẹn ń gba awọ ara wọlé, ajá á sì tún lá ìyókù kúrò lára irun rẹ̀. Ọ́ìlì mọ́tò dúdú tí àwọn mẹkáníìkì máa ń ní kí ẹ fi pa á lára, òun náà kò dára, májèlé ni.

Ohun tó wá ń dùn mí títí dòní ni pé gbogbo làálàá yẹn, eégbọn ò tán. Eégbọn rẹ́súrẹ́sú tó wọ́pọ̀ lára ajá ilé wa kì í gbé ara ajá pẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ń jẹun láyé rẹ̀: nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà péré, nígbà tó di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, àti nígbà tó dàgbà tán. Tó bá ti yó, á já bọ́, á wá ihò ògiri, ẹ̀yìn férémù tàbí abẹ́ ẹní wọ̀, ibẹ̀ ni á ti pààrọ̀ awọ. Èyí tó tóbi bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi, tí ẹ̀ ń rí létí ajá yẹn, abo tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó ni. Ó ń múra láti já bọ́, kó lọ yé ẹyin tó lè ju 2,000 lọ sínú ihò kan. Nígbà tí ẹ bá ń wẹ ajá, ìdílé eégbọn wà lára ògiri yín, wọ́n ń wò yín. Wọ́n sì lè gbé oṣù púpọ̀ láìjẹun.

Àwọn àgbà ní eégbọn so mọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lẹ́nu, adìẹ ń wá bí òun ó ṣe ṣá a jẹ. Èmi ni adìẹ ọdún yẹn. Eégbọn ni mò ń wò, n kò wo ẹnu tó so mọ́.

Nínú oṣù kẹjọ, Ṣọ́lé kọ oúnjẹ. Mo ní bóyá òtútù ni. Mo ra oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi tí wọ́n ń tà fún èèyàn, mo rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe ọgbọ́n orí mi. Lọ́jọ́ karùn-ún ó gbé ẹsẹ̀ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bíi sóbò. Mo ṣí ètè rẹ̀, èrìgì rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: Babesia ni, kòkòrò tí eégbọn ń gbìn sínú ẹ̀jẹ̀, tó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa láti inú, bí ibà ṣe ń ṣe wá. Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń pa á, imidocarb, wọ́n sì gún Ṣọ́lé. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó kù lára rẹ̀ kò tó ohun tí abẹ́rẹ́ lè bá ṣiṣẹ́ mọ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ló kú, orí rẹ̀ wà lórí bàtà mi.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Èèyànṣòro náà wò. Tirẹ̀ ni Ehrlichia, àrùn eégbọn mìíràn, èyí tó máa ń jẹ́ kí imú ajá ṣẹ̀jẹ̀ láìnídìí. Oògùn doxycycline ni wọ́n ní kó máa lò lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 28, pẹ̀lú oúnjẹ kí inú má bàa rún un. N kò fo ọjọ́ kan. Ajá tí mo gbé láti Bódìjà yè, ajá tó ń ṣọ́ ilé mi kú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ìwé gígùn yìí sí yín.

Ṣé kí ẹ mú ajá náà? Ẹ mú un. Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ọlọ́kadà àti àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó kù bóyá ó ní olówó. Ṣùgbọ́n kó má tíì wọ ilé tí ajá yín wà. Ẹ wá ibì kan fún un, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé ẹnìkan tí kò ní ajá, fún ọjọ́ 14 ó kéré tán. Kí abọ́ rẹ̀ dá yàtọ̀, kí okùn rẹ̀ dá yàtọ̀, bàtà tí ẹ bá wọ̀ lọ bá a, kí ẹ bọ́ ọ síbẹ̀. Kì í ṣe eégbọn nìkan la ń sá fún. Àìsàn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní parvo lè ti wà lára rẹ̀ kó má tíì hàn, bí ajá yín kò bá sì gba àjẹsára, àbọ́ọ̀bá ni.

Kí àwọn ìbejì má tíì fọwọ́ kàn án. Ẹ ò mọ ibi tó ti ń bọ̀, dìgbòlugi kò sì kọ sójú. Bí ohùn ajá bá yí padà, tí kò lè gbé omi mì, tí ìwà rẹ̀ kàn dédé yàtọ̀, ẹ má súnmọ́ ọn rárá, ẹ pe dókítà ẹranko. Bó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, tàbí tó ha á lára, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú 15 gbáko, ẹ má fi epo tàbí ata sí i, ilé ìwòsàn sì ni lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ kọ́kọ́ wò bóyá ajá á kú. Dìgbòlugi kò ní oògùn tí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára èèyàn.

Lọ́la, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Mọ́kọ́lá, ti Yunifásítì náà wà. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ, òun ni wọ́n fi ń díwọ̀n gbogbo oògùn. Nílé, ẹ gbé ajá dání gun ìwọ̀n, ẹ wọn ara yín nìkan, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹnìkan á sọ fún yín pé ivermectin tí wọ́n ń gún màlúù ló yá jù, ó sì pọ̀ lọ́jà. Oògùn gidi ni, ṣùgbọ́n màlúù ni wọ́n ṣe é fún, ẹ̀kán kan tó lé lè pọ̀ jù fún ajá kékeré, àwọn ẹ̀yà ajá bíi collie kò sì gbà á rárá: ó ń wọ ọpọlọ wọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gún un lójú ìwòye.

Ní ti eégbọn, èyí tí èmi ń lò báyìí ni oògùn tí ajá ń jẹ. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ fún oṣù kan wà, èyí tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 12 náà wà. Owó rẹ̀ dun ni, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n mo ṣírò ohun tí mo ná lórí Ṣọ́lé lọ́jọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn, mo sì pa ẹnu mọ́. Oògùn tí wọ́n ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn náà dára. Tí ẹ bá ní ológbò nílé, ẹ wo ara páálí, bó bá ní permethrin, ẹ má jẹ́ kó kan ológbò o, ó ń pa á.

Èyí tí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ yọ, ẹ fi ẹ̀mú kékeré dì í mú níbi tí ẹnu rẹ̀ ti wọ awọ, ẹ fà á díẹ̀díẹ̀ sókè, ẹ má lọ́ ọ, ẹ má ta kẹrosíìnì sí i. Ẹ jù ú sínú sípírítì. Ẹ má fi èékánná tẹ̀ ẹ́ fọ́, mo mọ̀ pé ó máa ń wu ọwọ́. Lójoojúmọ́ ni kí ẹ máa yẹ ara rẹ̀ wò: inú etí, abẹ́ apá, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, abẹ́ ìrù. Babesia sábà máa ń gba ọjọ́ bíi méjì sí mẹ́ta kó tó kọjá láti ẹnu eégbọn sínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà èyí tí ẹ yọ lónìí kò ní lè ṣe é lọ́la.

Ilé yín náà ń gba ìtọ́jú, pàápàá bí ajá ilé bá ti ní eégbọn kankan. Èmi fi omi gbígbóná dà sí gbogbo ihò ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pe bíríkìlà, ó fi sìmẹ́ńtì dí wọn. Mo ṣán koríko ẹ̀yìnkùlé, mo dáná sun àpò tí wọ́n ń sùn lé. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì fún oṣù mẹ́ta ni mo fi ń padà tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn férémù yẹn.

Ẹ ní ẹ rí eéwo kan níkùn rẹ̀ tó ní ihò lórí. Ìyẹn kì í ṣe eéwo. Ìdin ni, ti eṣinṣin kan tó ń yé sórí iyẹ̀pẹ̀ àti aṣọ tútù. Ẹ fi vaseline dí ihò náà dáadáa, kò ní lè mí, á yọrí, ẹ wá rọra fún un láti ìsàlẹ̀ títí á fi jáde lódindi. Mọ́kànlá ni mo yọ lára Èèyànṣòro. Kì í dá èèyàn sí, ẹ rí i pé ẹ fi áyọ́ọ̀nù lọ gbogbo aṣọ àwọn ìbejì tí ẹ bá sá síta.

Ti aràn rọrùn: dókítà á fún un ní oògùn, wọ́n á tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Ẹ máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí ẹyin aràn inú rẹ̀ máa ń lo bí ọ̀sẹ̀ méjì nílẹ̀ kó tó lè ran ọmọdé. Kí àwọn ọmọ wọ bàtà.

Oúnjẹ ńkọ́? Mo mọ̀ pé àánú á ṣe yín, ẹ má da ìkòkò fún un. Díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, ìrẹsì rírọ̀ àti ẹja tí ẹ yọ egungun rẹ̀. Kí ọbẹ̀ ìyókù wà fún àwa, alùbọ́sà inú rẹ̀ ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ ajá, ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún ò sì tó tẹ́lẹ̀.

Èèyànṣòro ti darúgbó báyìí. Ó sì tún ń sá tó bá rí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ike ìwẹ̀ pẹrẹsẹ ni mo wá ń fi wẹ̀ ẹ́.

Kí ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ yìí, bó bá gbà fún yín, ẹ fi ìka gbé ètè rẹ̀ sókè, ẹ wo èrìgì rẹ̀ níbi tí iná wà dáadáa. Bó bá pọ́n fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí inú àtẹ́lẹwọ́ ọmọ, ẹ lè dúró di àárọ̀. Bó bá funfun, ẹ má dúró o, ẹ wá dókítà tó ṣì ṣílẹ̀kùn lálẹ́ yìí. Ẹ kọ̀wé sí mi pé irú àwọ̀ wo lẹ rí.