Mo ti gba fírídọ̀mù, wọ́n tún ní ìwé ìjọba dà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe ní Òṣogbo. Mo gba fírídọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi ní 2015. Iléeṣẹ́ kan ní Ìbàdàn fẹ́ kí n wá máa bójú tó iná wọn, àmọ́ wọ́n ní ìwé ẹ̀rí ìjọba làwọn ń fẹ́. Ṣé kí n tún lọ kọ́ṣẹ́ ni? Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì ńkọ́?

Ìdáhùn: Rárá o, àbúrò. O ò ní padà sídìí ọ̀gá.

Ìwé fírídọ̀mù kì í ṣe ìwé yẹpẹrẹ. Ọ̀gá rẹ fọwọ́ sí i, àdúgbò sì mu mínírà ọjọ́ náà, wọ́n jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o gba ìyọ̀ǹda ló wà nínú ẹ̀. Iṣẹ́ tí o mọ̀ ọ́n ṣe gan-an kò sí níbẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà. Trade Test, ìyẹn ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, ni àkọ́kọ́, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló ń ṣe é. Èkejì ni NSQ (National Skills Qualification), ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tí NBTE, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ń mójú tó, èyí tí ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ètò rẹ̀ ní 2013. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í rèé: ní Trade Test, Grade 3 ni ìsàlẹ̀, Grade 1 ló wà lókè. NSQ yàtọ̀, Level 1 ni ìsàlẹ̀ tirẹ̀. Mo ti rí àgbà oníṣẹ́ tó fi tayọ̀tayọ̀ kọ "Level 1" sínú fọ́ọ̀mù, ó rò pé òkè téńté lòun wà. Bi iléeṣẹ́ yẹn léèrè èyí tí wọ́n ń fẹ́ kí o tó náwó.

Bí wọ́n bá ní èyíkéyìí ló dára, lọ ṣe NSQ. Ó ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní RPL (Recognition of Prior Learning), tó wà fún ẹni tó ti mọṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní tèmi o, RPL yìí wúlò ju gbogbo maṣíínì ìránṣọ tí àwọn olóṣèlú ń pín lọ. A ò ní jókòó máa kọ́ ọ ní ohun tí o ti ń fi jẹun. Àwa tí à ń ṣàyẹ̀wò á ní kí o kó ẹ̀rí wá, a ó sì wo ọwọ́ rẹ lẹ́nu iṣẹ́. Bí Gẹ̀ẹ́sì ò bá yọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu, tètè sọ. A máa ń fẹnu béèrè.

Ọkùnrin kan kó fọ́tò wá bá mi, gbogbo ẹ̀ jẹ́ ilé tí wọ́n ti kùn tán. Gílóòbù ń tàn, ògiri ń dán. Kí ni mo fẹ́ fìyẹn ṣe? Inú ògiri ni iṣẹ́ rẹ̀ wà! Mo wá mú un lọ síwájú bọ́ọ̀dù. Ó pa iná, ó fi tẹ́sítà kan wáyà, kò tàn. Ó gbé tẹ́sítà náà lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn tí iná wà, ó tàn, ó wá padà síbi wáyà àkọ́kọ́, ó tún kàn án. Tẹ́sítà tó ti kú kì í tàn níbi tí iná wà, ohun tó ń yẹ̀ wò nìyẹn. N ò tíì bi í ní nǹkan kan tí mo ti kọ máàkì.

Ẹni tó bá ní òun á bá ọ gbà á láìjẹ́ pé wọ́n dán ọ wò, ayédèrú ló fẹ́ tà fún ọ.

Ní ti àwọn ọmọ iṣẹ́, lọ béèrè ní ọ́fíìsì NDE, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìpèsè iṣẹ́, ní ìpínlẹ̀ yín. Láti 1987 ni wọ́n ti ní ètò tó ń fi ọmọ sọ́dọ̀ ọ̀gá bíi tìrẹ: ọ̀gá á gba owó ìkọ́ṣẹ́, ọmọ á gba owó díẹ̀ lóṣooṣù, á sì máa lọ kọ́ tíọ́rì lọ́jọ́ Sátidé. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń gba ọmọ, nítorí náà fi orúkọ sílẹ̀ kí o máa bá iṣẹ́ rẹ lọ.

Fọ́tò ni kí o bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ lọ́la. Ya páìpù kí bíríkìlà tó rẹ́ ògiri, ya inú bọ́ọ̀dù kí o tó dé e. Kí àwọn ọmọ méjèèjì náà sì hàn níbi tí wọ́n ti ń fa wáyà, nítorí ẹ̀rí tiwọn náà nìyẹn.