Báwo ni mo ṣe lè fi ọwọ́ ara mi kan àpótí subwoofer (ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde) fún ọkọ̀?

Iye lítà àyè inú àpótí, èyí tí ó wà nínú ìwé tí ó bá subwoofer yín wá, ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ wọn gígùn, ìbú àti gíga inú àpótí ní sẹ̀ǹtímítà, láìka nínípọn pákó mọ́ ọn, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, kí ẹ sì fi 1,000 pín in láti mọ iye lítà rẹ̀. Pákó MDF (pákó tí a fi èérún igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀) tí ó nípọn tó mìlímítà 18 ni mo fara mọ́, nítorí pé pákó fẹ́lẹ́ a máa gbọ̀n, a sì máa da ohùn rú. Ẹ fi gọ́ọ̀mù àti síkúrù so ó pọ̀, ẹ fi sílíkóònù dí gbogbo oríkèé inú rẹ̀, kí ó sì gbẹ pátápátá kí ẹ tó de subwoofer mọ́ ọn. Àpótí tí kò ní ihò afẹ́fẹ́ ni ó rọrùn jù fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.